Ta Ni Káńsù Wà Fún? Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀tọ́ Dídọ́gba ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti Ìgbómìnà Ọ̀ṣun

Nígbà tí Nàìjíríà dìbò ìjọba àpapọ̀ ní Oṣù Kejìlá 1959, obìnrin tó ń gbé Ìlá-Ọ̀ràngún ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ọmú-Àrán kò ní in. Kì í ṣe pé àṣà ilé ọkọ yàtọ̀ sí ti ilé baba wọn. Ìgbómìnà ni ìlú méjèèjì, Odùduwà ni wọ́n jọ ń pè ní baba, obìnrin ń ná ọjà níhìn-ín, ó ń ná an lọ́hùn-ún. Ààlà tí ìjọba amúnisìn fà ló yà wọ́n. Ìlá bọ́ sí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí òfin ti gba tọkùnrin tobìnrin láyè láti dìbò lọ́dún náà. Ọmú-Àrán bọ́ sí Ẹkùn Àríwá lábẹ́ Ìlọrin, ọkùnrin nìkan ló sì ń dìbò níbẹ̀. Àwọn Yorùbá Ìlọrin kan ti béèrè pé kí wọ́n dá àwọn padà sọ́dọ̀ àwọn ará wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba amúnisìn yàn gbọ́ ẹjọ́ náà, ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1958, ààlà kò sì yẹ̀. Ó di 1976 kí obìnrin apá Àríwá tó gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, ìdìbò gbogbogbò àkọ́kọ́ tí wọ́n sì bá wọn dì ni ti 1979. Bí ogún ọdún ló wà láàárín ìbò ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò.

Ìtàn yìí ló yẹ kí a máa rántí nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àṣà wa ni kò jẹ́ kí obìnrin, àlejò, akándá ẹ̀dá tàbí ọ̀dọ́ ní ìjókòó tó tọ́ sí i nínú ìjọba ìbílẹ̀. Àṣà kan náà ló wà ní ìhà méjèèjì ààlà yẹn. Òfin ló ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀kan, òfin ló tì í mọ́ èkejì. Ohun tí òfin bá sì lè tì, òfin lè ṣí i. Èrò yìí ni àgbéyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣe yìí dúró lé lórí.

Káńsù méjì, ìdílé kan

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú Ìgbómìnà Ọ̀ṣun. Ìlá ni àkọ́kọ́, tí oríkò rẹ̀ wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ìfẹ́dayọ̀ ni èkejì, tí oríkò rẹ̀ wà ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, tí Ọ̀rà-Ìgbómìnà sì wà nínú rẹ̀. Ìkànìyàn 2006 fi hàn pé àwọn tó ń gbé Ìlá lé díẹ̀ ní 62,000, tí ti Ìfẹ́dayọ̀ sì lé díẹ̀ ní 37,000. Láti 27 Oṣù Kẹjọ 1991 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ láti ara Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wà lábẹ́ Òṣogbo.

Ìtàn ìlú sọ pé láti Ìlá-Yàrà ni àwọn ọmọ ọba méjì ti pínyà lórí oyè. Ọ̀kan kó àwọn tirẹ̀ lọ tẹ Ìlá-Ọ̀ràngún dó, èkejì tẹ Òkè-Ìlá dó, Ọ̀ràngún sì di méjì títí dòní. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò farasin. Nígbà tí ìjókòó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí kò sì sí ìlànà tí gbogbo ẹni tí ọ̀ràn kàn gbà pé ó tọ́, ẹni tí kò rí àyè á kó ẹrù rẹ̀ á máa lọ. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ wà níwájú tí onítọ̀hún lè lọ tẹ̀ dó. Lónìí, kò sí ibi tí ará abúlé tí káńsù gbàgbé fẹ́ kó lọ. Ibi tó wà náà ni ó ti gbọ́dọ̀ rí ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ohun tí ìwé òfin wí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni kí káńsù máa wá bí oríṣiríṣi ènìyàn yóò ṣe wà nínú rẹ̀. Ìwé òfin 1999 tiwa ló sọ ọ́. Ẹ̀ka 14, ìlà kẹrin, dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an: ó ní bí a ṣe ń kó àwọn ènìyàn jọ sínú káńsù àti sínú àwọn àjọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé a mọ̀ pé oríṣiríṣi ènìyàn ló ń gbé agbègbè náà, kí gbogbo wọn lè rí i pé àwọn ní ìpín níbẹ̀. Ẹ̀ka 42 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà, ìlú tí ènìyàn ti wá, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn, tàbí èrò òṣèlú du ọmọ Nàìjíríà ní ohun tí wọ́n ń fún ẹlòmíràn. Ẹ̀ka 15 sì ní kí ìjọba rí i dájú pé ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ kíkún láti gbé ibikíbi tó bá wù ú ní Nàìjíríà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé inú orí kejì ìwé òfin ni ẹ̀ka 14 àti 15 wà, ẹ̀ka 6 sì ti sọ pé ènìyàn kò lè torí ohun tó wà nínú orí náà nìkan gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀ka 42 ní eyín, àwọn méjì yòókù kò ní. Ìdí nìyí tí ìlànà tó dára tó bẹ́ẹ̀ fi wà nínú ìwé láti ọdún pípẹ́ tí ojú káńsù kò yí padà. Ìlànà tí kò sí ẹni tó lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, bó bá wu alága ló máa ń tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ tí ìwé òfin náà gbé lé káńsù lọ́wọ́ nínú Àfikún Kẹrin jẹ́ ká rí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ojoojúmọ́ ayé wa. Ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, itẹ́ òkú, ojú àgbàrá, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, àti ilé ìtọ́jú àwọn aláìní àti aláàárẹ̀, ti káńsù ni gbogbo wọn. Ó tún lọ́wọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Kò sí èyí tí kò kan obìnrin nínú wọn, èyí tó sì pọ̀ jù ló kan aláìlera, àgbàlagbà àti àlejò ju bó ṣe kan ọkùnrin tó lówó, tó ní mọ́tò, tó sì ń gbé àárín ìlú.

Obìnrin: láti ọjà dé gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀

Ìlú Yorùbá kò ṣàìmọ̀ pé ó yẹ kí ohùn obìnrin dé ibi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ ìlú. Oyè Ìyálóde wà fún ìdí yẹn, Ìyálọ́jà sì ń bẹ títí dòní. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé agbára lé ọba àti àwọn ìgbìmọ̀ ọkùnrin nìkan lọ́wọ́, owó orí obìnrin ni wọ́n ń gbà láì fún un ní ìjókòó. Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú dìde títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Wọ́n gbé owó orí obìnrin kúrò, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Káńsù mélòó ní Ọ̀ṣun ló lè sọ lónìí pé obìnrin mẹ́rin ló jókòó nínú ìgbìmọ̀ òun?

Ìlànà Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n gbé jáde ní 2006, ní kí obìnrin kó ìdá 35 nínú 100 ipò ìjọba. Ìlànà ni, kì í ṣe òfin. Nígbà tí wọ́n gbé àbá òfin márùn-ún nípa ẹ̀tọ́ obìnrin wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, títí kan èyí tí ì bá ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún wọn, wọ́n dà á nù ní 1 Oṣù Kẹta 2022. Nínú sẹ́nétọ̀ 109 tó wà ní Àbújá láti 2023, obìnrin kò pé márùn-ún. Ọ̀ṣun ní Erelu Olúṣọlá Ọbádá gẹ́gẹ́ bí igbákejì gómìnà láti 2003, Títílayọ̀ Láoyè-Tòmórí sì tẹ̀ lé e láti 2010 sí 2018. Ṣùgbọ́n ipò igbákejì ni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbà á. Kò sọ bí wọ́ọ̀dù wa yóò ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ààlà Ìgbómìnà. Ní Kwara, ìpínlẹ̀ tí Ọmú-Àrán wà, tí obìnrin kò lè dìbò ní 1959, Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq yan obìnrin 9 nínú kọmíṣánnà 16 ní 2019. Ní 2021, ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́ dòfin pé ìdá 35 nínú 100 àwọn tí gómìnà bá yàn sípò gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Apá tó wà lẹ́yìn ló ti wá ṣíwájú yìí. Ọ̀rẹ́, ẹbí àti àna wa ni wọ́n, àṣà wọn ni àṣà wa. Bí ó bá ṣeé ṣe ní Kwara, kí ni yóò mú un má ṣeé ṣe ní Ìlá àti ní Òkè-Ìlá?

Ẹni tó bá ní ìyàtọ̀ wo ni obìnrin nínú káńsù yóò mú wá, kó wo Íńdíà. Àtúnṣe ìwé òfin wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993 ya ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó káńsù abúlé sọ́tọ̀ fún obìnrin, ó sì tún ní kí ipò alága máa yípo kí ó lè kan obìnrin. Raghabendra Chattopadhyay àti Esther Duflo yẹ abúlé wò ní West Bengal àti Rajasthan, ìwádìí wọn sì jáde ní 2004. Wọ́n rí i pé ibi tí obìnrin ti jẹ́ olórí, owó tí wọ́n ná sórí omi mímu pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, nítorí pé omi ni ohun tí àwọn obìnrin abúlé náà ń ráhùn lé lórí jù. Kò sí ará Ìgbómìnà tí kò mọ ẹni tó ń ru garawa lórí òkè Òkè-Ìlá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń pọn omi ló mọ ibi tó yẹ kí kànga wà. Bí kò bá sí nínú gbọ̀ngàn, ẹlòmíràn ni yóò fi ojú inú wá ibẹ̀.

Senegal sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin 2010 wọn ní kí orúkọ ọkùnrin àti obìnrin pín dọ́gba lórí ìwé olùdíje. Lẹ́yìn ìdìbò ìbílẹ̀ 2014, obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú àwọn káńsù wọn. Ìlú Touba fi orúkọ ọkùnrin pátápátá sílẹ̀ lọ́dún náà. Musulumi ló pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè yẹn, àwọn àlùfáà sì lẹ́nu níbẹ̀. Síbẹ̀ òfin ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀ láìba ẹ̀sìn jẹ́.

Onílé, àlejò àti ìwé ọmọ ìbílẹ̀

Ìwé kan wà tí káńsù ń fúnni tó lágbára ju bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ lọ: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tàbí tó ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tí a bí sí Ìlá, tó lọ sí iléèwé ní Ìlá, tí baba rẹ̀ ń san owó ọjà ní Ìlá láti ogún ọdún, lè máà rí ìwé náà gbà nítorí pé Ebira, Ìgbò, Haúsá tàbí Fúlàní ni baba náà. Bó bá padà sí ìlú baba rẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Human Rights Watch gbé ìròyìn kan jáde lórí ìyà yìí káàkiri Nàìjíríà ní 2006. Ohun tí ìròyìn náà sọ kò tíì di ìtàn.

Obìnrin náà ń jìyà rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 2012, wọ́n dá Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo dúró níbi ìbúra ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nítorí pé orúkọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló bá wá, kì í ṣe ti baba rẹ̀. Wọ́n padà búra fún un lẹ́yìn tí ariwo ta. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí adájọ́, kí ni kí ìyàwó ilé tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tó ti bímọ márùn-ún fún ìdílé kan ní Ọ̀rà, máa retí nígbà tí ó bá fẹ́ gba fọ́ọ̀mù kánsẹ́lọ̀?

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù. Ilẹ̀ ni. Wọ́n ní bí a bá sọ àlejò di ọmọ onílé, ọ̀la ni yóò gba ilẹ̀ baba ẹni. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, pàápàá níbi tí màlúù ti ń jẹ oko àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì sanwó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ìdílé lọ́tọ̀, ẹ̀tọ́ ẹni tó ń gbé ìlú lọ́tọ̀. Ẹni tó ń gbé Ìlá kò nílò láti ní ilẹ̀ Ọ̀ràngún kó tó ní ẹ̀tọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ọjà, ilé ìwòsàn, ìdìbò wọ́ọ̀dù àti iṣẹ́ káńsù. Àwọn tí kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bí darandaran bá sì ní aṣojú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú ìgbìmọ̀ káńsù, àgbẹ̀ tí wọ́n ba oko rẹ̀ jẹ́ yóò mọ ẹni tí yóò dìmú.

Ìpínlẹ̀ wa ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi káńsù dá ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò sílẹ̀. Ní 1997, ibi tí oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà ló tún da Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ rú. Ogun náà ń jó títí di 2000. Ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, ará ìlú kan náà sì ń fi ojú ọ̀tá wo ara wọn. Oríkò káńsù kan ni wọ́n torí rẹ̀ jà, nítorí pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹni tí káńsù bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò jẹun.

Àwa náà sì ti ṣe àlejò rí. Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará Ọ̀ṣun wà nínú wọn, fi ọjà àti ilé sílẹ̀ sálọ. Àwọn mìíràn ti bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Lónìí, ọmọ Èjìgbò kún Ivory Coast, ọmọ Yorùbá sì ń jẹ kánsẹ́lọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a ń jó, tí a ń yọ̀. Ẹ̀tọ́ tí a ń fẹ́ fún ọmọ wa lọ́hùn-ún ni ọmọ ẹlòmíràn ń wá lọ́dọ̀ wa.

Òkè-Ìlá ní àpẹẹrẹ kan tó wúlò. Ọ̀ràngún Òkè-Ìlá, Ọba Adédòkun Abọ́lárìn, dá ilé ẹ̀kọ́ Abọ́lárìn College sílẹ̀ ní 2014 fún ọmọ àwọn tálákà, láì gba owó lọ́wọ́ wọn, ọba fúnra rẹ̀ sì ń kọ́ wọn nínú kíláàsì. Kì í ṣe ọmọ Òkè-Ìlá nìkan ló ń jókòó níbẹ̀. Bí ọba bá lè ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tí kì í ṣe ti ìlú rẹ̀, tí ìlú kò sì bàjẹ́, káńsù kò ní àwáwí.

Ẹ̀sìn: ibi tí ilẹ̀ wa ti ní ohun tó lè kọ́ ẹlòmíràn

Lórí ìtẹ́ Ìlá-Ọ̀ràngún, William, orúkọ Kristẹni, ni Ọba Adétọ̀nà Ayẹni ń jẹ́; Wahab, orúkọ Musulumi, ni ti Ọba Káyọ̀dé Oyèdọ́tun tó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton láti Amẹ́ríkà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí ní Ìlá, tí òun àti Fúnṣọ́ Afọláyan sì kọ ìwé lórí ìjọba Ọ̀ràngún ní 1996, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọdún Ògún, Egúngún àti ọdún ọba ṣe ń kó àwọn ìdílé jọ nínú ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ti kún. Nínú agboolé kan, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhaji, àbúrò kí ó jẹ́ díákónì, ìyá àgbà kí ó máa bọ Ọ̀ṣun.

Ó yẹ ká dáàbò bo ọrọ̀ yìí, nítorí pé ó lè fọ́. Ní 3 Oṣù Kẹfà 2016, ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dájọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Musulumi lè wọ hìjáàbù ní iléèwé ìjọba. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Baptist High School, Ìwó, wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá sí kíláàsì. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ ní Ìlá, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kan náà ni wá. Ohun tó fa gbúngbùngbún ni pé ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn Musulumi kò jókòó sọ̀rọ̀ tó kí ọ̀ràn tó dé ilé ẹjọ́.

Oníṣẹ̀ṣe ni ó máa ń ṣọ̀wọ́n jù nínú gbọ̀ngàn káńsù. Nígbà ìpàdé, àdúrà Kristẹni ni a fi ń ṣí i, ti Musulumi ni a fi ń pa á dé, tàbí kí a yí i padà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń fi ọlidé bọlá fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní 20 Oṣù Kẹjọ. Káńsù náà yẹ kí ó fi àyè fún wọn nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀sìn àti nínú ìpinnu lórí itẹ́ òkú, igbó àti odò ìlú. Àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ní ojúṣe: bí ọdún kan bá máa dí ọ̀nà mọ́ obìnrin tàbí ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n jọ fi ẹnu kò lórí àkókò rẹ̀ ṣáájú, kí ìlú sì gbọ́. Ẹ̀tọ́ ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ pa ti ẹlòmíràn.

Akándá ẹ̀dá

Àwọn baba wa ní ọ̀wọ̀ òrìṣà ni a fi ń wo àfín. Wọ́n ka àfín, abuké àti arọ sí ẹni Ọbàtálá, wọ́n sì ń bẹ̀rù láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀wọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní iṣẹ́, kò sì gbé wọn gun àtẹ̀gùn.

Òfin àpapọ̀ tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn akándá ẹ̀dá, tí wọ́n kọ ní 2018, tí ààrẹ sì fọwọ́ sí ní Oṣù Kìíní 2019, ní kí ìjọba fún wọn ní ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ rẹ̀. Ó sì fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní Oṣù Kìíní 2024. Àjọ INEC ti ń pèsè ìwé ìtọ́ni Braille fún afọ́jú níbi ìdìbò láti 2019. Ìyẹn ni pé afọ́jú lè dìbò, ṣùgbọ́n bí akándá ẹ̀dá bá fẹ́ kàn sí kánsẹ́lọ̀ tó dìbò fún, àtẹ̀gùn lè dí arọ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún odi níbi ìpàdé ìlú.

Nínú gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò níhìn-ín, èyí ni owó rẹ̀ kéré jù, tí àwáwí rẹ̀ sì kéré jù. Síméńtì àti yanrìn díẹ̀ ló ń ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú sẹkitéríàtì, ilé ìwòsàn àti ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà. Káńsù tí kò bá lè ṣe èyí kò ní í ṣe èyí tó le jù ú lọ.

Ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú àti owó

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 31 Oṣù Karùn-ún 2018 dín ọjọ́ orí tí ènìyàn lè fi du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25. Ohun tó ń dí ọ̀dọ́ Ìlá àti Ìfẹ́dayọ̀ lọ́nà kì í ṣe ọjọ́ orí mọ́, owó fọ́ọ̀mù àti ẹni tí àgbà ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún obìnrin àti akándá ẹ̀dá. Inú yàrá ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń yọ wọ́n kúrò kí ìdìbò tó dé.

Ẹ̀ka 42 dárúkọ èrò òṣèlú mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 2022, wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ APC ló gba ipò alága káńsù 30 ní Ọ̀ṣun. Ní 22 Oṣù Kejì 2025, wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ PDP ló gba gbogbo 30 náà. Ilé ẹjọ́ dá sí i, ẹ̀mí ṣòfò ní sẹkitéríàtì lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú ìdìbò kejì, ìjọba àpapọ̀ dá owó káńsù dúró, òṣìṣẹ́ sì jókòó sílé. Èmi kì í ṣe agbẹnusọ ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí mo rí ni pé ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan ti ń gba ohun gbogbo lónìí, tí èkejì sì ń gba ohun gbogbo lọ́la, kò tíì mọ bí a ṣe ń jọ jókòó. Bí ọkùnrin méjì tó lágbára kò bá lè pín gbọ̀ngàn, ìgbà wo ni àyè yóò kan opó, àgbẹ̀ Ebira àti afọ́jú? Àwọn wọ̀nyí ló sì jìyà jù nígbà tí owó dúró, nítorí pé àwọn ni kò ní ilé ìwòsàn mìíràn ju ti káńsù lọ.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní 11 Oṣù Keje 2024 pé ọwọ́ káńsù tí a dìbò yàn ni owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé tààrà. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó tó dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ tí ènìyàn irú kan ṣoṣo kún inú rẹ̀, ibi tí ojú wọn mọ̀ nìkan ni yóò dé.

Ibi tí ó yẹ ká gbà

Òfin ìpínlẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ̀ka 7 ìwé òfin ní òfin ìpínlẹ̀ ni yóò sọ bí káńsù yóò ṣe wà, bí a ó ṣe tò ó, àti àwọn tí yóò wà nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òṣogbo lè ṣe òfin tirẹ̀ láì dúró de Àbújá tó da àbá obìnrin nù ní 2022. Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní Ọ̀ṣun. Kí òfin fi ìjókòó obìnrin àti ti akándá ẹ̀dá kún káńsù kọ̀ọ̀kan, kí ìdá 35 tó ti dòfin ní Kwara sì di ti àwọn tí alága ń yàn sípò. Àwọn aṣojú Ìlá àti Ìfẹ́dayọ̀ nínú ilé náà ni ó yẹ kó gbé e wá, nítorí pé ìtàn Ìgbómìnà ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ìwé ìgbélùú ló tẹ̀ lé e. Kí káńsù máa fún ẹni tó bá ti gbé agbègbè náà fún iye ọdún tí òfin bá là sílẹ̀, tàbí tí a bí síbẹ̀, ní ìwé tó ní agbára kan náà pẹ̀lú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lórí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti ọjà. Kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé dúró lọ́tọ̀, kí ọkàn àwọn àgbà sì balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò tí gbogbo ènìyàn lè kà. Ní Bìrìtìkó, òfin ìdọ́gba 2010 sọ ọ́ di dandan fún káńsù láti ronú, kó tó ṣe ìpinnu, lórí bí yóò ṣe kan oríṣi ènìyàn mẹ́sàn-án tí òfin dárúkọ, ó sì gbọ́dọ̀ gbé ohun tó ń ṣe jáde fún ará ìlú. Àwa náà lè ṣe é láì ná owó púpọ̀. Lọ́dọọdún, kí káńsù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì, kó sì kà á ní ọjà àti lórí rédíò: iye obìnrin tó wà nínú ìgbìmọ̀, iye akándá ẹ̀dá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn abúlé tí wọ́n gbẹ́ kànga fún, àwọn tó gba ṣọ́ọ̀bù ọjà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìlú yóò ka ìṣirò òun máa ń ṣọ́ra.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú náà ní tiwọn. Kí wọ́n fún obìnrin, ọ̀dọ́ àti akándá ẹ̀dá ní fọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí ẹgbẹ́ ti lè wọlé, kì í ṣe ní ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé yóò fìdí rẹmi.

Èmi gbà pé àwọn ohun wọ̀nyí ṣeé ṣe ní Ìlá àti Ìfẹ́dayọ̀ ṣáájú ibòmíràn ní Ọ̀ṣun. Ìlú wa kò tóbi jù, a mọ ara wa, a jọ ń ṣe òkú, a jọ ń ṣe ìyàwó, ẹ̀sìn kò sì tíì yà wá. Ohun tó kù ni kí a kọ ẹ̀tọ́ sílẹ̀ ní ìwé tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ sílé ẹjọ́, kí ó má baà jẹ́ pé inú rere alága kan ni opó tàbí àlejò yóò máa wò. Ẹ bi kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín nípa rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ bi aṣojú yín ní Òṣogbo. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àṣà dá yín lóhùn.